Ta Ni Ó Tó Dájọ́ Ahọ́n Ọmọ?

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí wá ni a ó sọ nípa ọmọ tí kì í ṣe pé ó fẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò rọ̀ ọ́ lẹ́nu? Àwa olùkọ́ mọ̀ wọ́n: èyí tó ń kólòlò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sín in jẹ, èyí tó ti pé ọdún méje tí kò tíì lè to gbólóhùn pọ̀, èyí tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa tí a sì ń pè ní olórí kunkun. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú irú wọn ni àwọn Faransé ń pè ní orthophoniste. Nínú abala wa ti ìgbà yìí, a fẹ́ wo ohun tí ìjọba ń béèrè kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Amẹ́ríkà ni a ó gbà lọ, nítorí pé níbẹ̀, òfin ti sọ iṣẹ́ náà di ti ilé-ẹ̀kọ́, àti nítorí pé ọmọ Yorùbá wà lórí ìjókòó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún.

Ní ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin pé gbogbo ọmọ tó ní ìpèníjà gbọ́dọ̀ rí ẹ̀kọ́ tó bá a mu gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin yìí ni wọ́n wá ń pè ní IDEA láti ọdún 1990. Ó kan ọmọ ọdún 3 títí dé 21, ó sì dárúkọ ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ àti èdè ní tààrà. Níwọ̀n ìgbà tí ìtọ́jú ti di ẹ̀tọ́ ọmọ, ó di dandan kí ìjọba sọ ẹni tó tó o ṣe.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà, ASHA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, ní ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹni tó bá ń wá a gbọ́dọ̀ gba oyè másítà. Ó gbọ́dọ̀ ṣe wákàtí 400 lábẹ́ ojú ọ̀gá. 25 nínú wọn jẹ́ ti wíwòran, ìyókù jẹ́ ti fífọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò Praxis. Lẹ́yìn oyè rẹ̀, yóò tún ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 36, tí wákàtí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 1,260, kí ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa tọ́ ọ sọ́nà. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀kọ́ wákàtí 30 kún ìmọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí ẹgbẹ́ kì í ṣe ìwé-àṣẹ ìjọba. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní àṣẹ, ilẹ̀kùn méjì sì sábà máa ń wà: ti àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà káàkiri ìpínlẹ̀, àti ti ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́. Ní California, bí àpẹẹrẹ, àjọ tó ń fún àwọn olùkọ́ ní ìwé-àṣẹ ló ń fún olùtọ́jú tí yóò ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní tirẹ̀. Títí di ọdún 2004, òfin àpapọ̀ ní kí òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kúnjú ìwọ̀n tó ga jù lọ tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ ń béèrè lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àtúnṣe ọdún yẹn mú gbólóhùn náà kúrò. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ó wà láti pinnu bí ọ̀pá náà yóò ṣe ga tó fún ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn kan ń sọ pé kí a rẹ ọ̀pá sílẹ̀ kí ọwọ́ lè pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. A kò fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí ebi ń pa kì í yan ọbẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ lè máa bá ọmọ ṣe ìdárayá ahọ́n lójoojúmọ́ lábẹ́ ojú ọ̀gá. Ṣùgbọ́n láti sọ pé ọmọ yìí ní àìlera, tàbí pé kò ní, ìdájọ́ ni, orúkọ tí a bá sì sọ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kì í tètè kúrò lára rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀ràn èdè ti wọlé. Òfin IDEA ní kí a fi èdè ọmọ dán an wò, àfi bí kò bá ṣeé ṣe rárá, kí a má sì tìtorí pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kà á mọ́ àwọn tó ní ìpèníjà. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ìró v àti z. Ọmọ wa tó bá sọ fẹ́lò nígbà tí olùkọ́ Faransé ń retí vélo kò ṣàìsàn. Ìró èdè ilé rẹ̀ ló gbé wá. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè mọ̀ pé ọmọ tó ti dàgbà, tí kò sì lè ya igbá, igba àti ìgbà sọ́tọ̀, nílò kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé: báwo ni ọmọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé? Bí àìlera bá wà lóòótọ́, yóò hàn nínú èdè ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí New York fi ní àfikún ìwé-ẹ̀rí fún ẹni tí yóò fi èdè méjì ṣiṣẹ́, tí ó sì ń fi ìdánwò wádìí bóyá ó gbọ́ èdè kejì náà.

Nílé wa ńkọ́? Wọ́n ń kọ́ àwọn orthophoniste ní Lomé, ní ilé-ẹ̀kọ́ ENAM, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti ibẹ̀ dé kíláàsì ìgbèríko Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́. Àwa tí wọ́n ti ń so signal mọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, ó yẹ kí a mọ̀ pé ìbẹ̀rù lè pa ọmọ lẹ́nu mọ́ gẹ́gẹ́ bí àìsàn.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe dájọ́ tí kò gba àṣẹ rẹ̀. Kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó bi ìyá ọmọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé, kí ó sì ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní olódo. Ní ọjọ́ tí ìjọba wa bá sì jókòó láti kọ ohun tí olùtọ́jú gbọ́dọ̀ ní kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí a béèrè pé kí gbígbọ́ èdè ọmọ wà lára rẹ̀, kí ó má jẹ́ ìwé-ẹ̀rí nìkan.