Òfin dé, ìlù ò dákẹ́: Ta ni òfin owó fífọ́n lójú agbo ń mú gan-an?

Bó bá ti di ọjọ́ Sátidé ní Odo-Owa, tí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà tàbí tí ọmọ ìlú kan ń ṣílé, kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n júwe ibi tí òde wà fún òun. Ìlù ló máa mú èèyàn débẹ̀. Kí àlejò tó wọ abẹ́ kánópì, á ti rí àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n gbé báàgì lé itan. Owó tuntun ló wà nínú ẹ̀, igba náírà àti ọgọ́rùn-ún náírà tí kò tíì ní ẹ̀ka kankan lára. Tí olóde bá bọ́ sójú agbo, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ bí ewé ìgbà ọyẹ́. Ọmọdé á máa ṣà á, ẹsẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà á máa yà á.

Ẹni tó ta owó yẹn, ẹni tó fọ́n ọn, àti ẹni tó jó lórí rẹ̀, gbogbo wọn ló ti rú òfin Nàìjíríà. Síbẹ̀, ọlọ́pàá tó wá ṣọ́ òde náà lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kó máa jẹ ìrẹsì ní tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láti Iloffa dé Osi, láti ìsọ̀ onígbàjámọ̀ dé ibùdókọ̀: ṣé òfin ni òfin yìí, àbí ẹrù tí wọ́n fi ń ba àwọn kan?

Ohun tí òfin sọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé àná ni wọ́n ṣe òfin yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti wà nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ti ọdún 2007, ní abala 21. Abala náà sọ pé fífọ́n owó náírà, jíjó lórí rẹ̀ tàbí títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ jẹ́ ṣíṣe owó báṣubàṣu. Ó tún sọ pé ẹni tó bá ń kiri owó tàbí tó ń tà á náà ti jẹ̀bi. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní N50,000, tàbí méjèèjì pọ̀.

Lọ́dún 2007, N50,000 kì í ṣe owó kékeré. Lónìí, owó tí ẹlòmíràn máa ná tán kí olórin tó kọ orin kan parí ni. Èyí nìkan ti tó láti fi hàn pé òfin náà ti dàgbà ju owó ìtanràn inú rẹ̀ lọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí ìwé ni òfin náà wà. Ìgbà tó di oṣù kejì ọdún 2024 ni àjọ EFCC gbé ikọ̀ pàtàkì kan dìde ní ẹ̀ka rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, tó fi mọ́ èyí tó wà n'Ílọrin, láti máa mú àwọn tó ń ṣe náírà báṣubàṣu àti àwọn tó ń fi owó dọ́là tajà nílé wa níbí. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Òfin kan, ìdájọ́ mẹ́ta

Ẹjọ́ mẹ́ta tó wáyé l'Ékòó lọ́dún 2024 nìkan tó láti fi mọ ìdí tí ará ìlú fi ń kùn.

Èyí àkọ́kọ́ ni ti òṣèrébìnrin kan tí àjọ ICPC mú níbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 2023, lẹ́yìn tí fídíò rẹ̀ jáde níbi tó ti ń fọ́n owó tuntun, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san N300,000.

Èkejì ni ti Idris Okuneye, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bobrisky. Owó tó fọ́n níbi ìfihàn sinimá kan ní Lẹ́kí ní oṣù kẹta ọdún 2024 wà lára ẹ̀sùn tí EFCC fi kàn án. Níwájú adájọ́, ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin, Adájọ́ Abimbola Awogboro rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà gbáko, kò sí owó ìtanràn kankan.

Ẹ̀kẹta ni ti Pascal Okechukwu, tí wọ́n ń pè ní Cubana Chief Priest. Oṣù kẹrin kan náà ni wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kò jẹ̀bi. Nígbà tó di oṣù kẹfà, òun àti EFCC ti yanjú ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn. Ó gbà láti san N10 mílíọ̀nù àti láti máa kìlọ̀ fáwọn èèyàn lórí ayélujára, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i. Kò sí ẹ̀wọ̀n, kò sí ìdálẹ́bi.

Òfin kan náà ni. Ìlú kan náà ni. Lóòótọ́, ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi àti ẹni tó ní òun kò jẹ̀bi kì í ṣe ọ̀kan náà lójú òfin, òfin sì fàyè gba kí olùpẹjọ́ àti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ yanjú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó jókòó ní Odo-Owa, tó ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, máa rí dì mú nínú ẹ̀? Ohun tó máa yé e ni pé ẹni tó sọ òótọ́ lọ sẹ́wọ̀n, ẹni tó lówó sanwó, ó sì lọ sílé. Tí ará ìlú bá ti rí òfin bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù ni wọ́n á máa ní fún un, wọn kò ní bọ̀wọ̀ fún un. Ohun téèyàn kàn ń bẹ̀rù, ẹ̀yìn ló máa ń wò kó tó ṣe é, kì í fi í sílẹ̀.

Ti àwọn olóṣèlú ló tiẹ̀ ń dun àwọn èèyàn jù. Ta ni kò tíì rí fídíò ibi tí ẹni tó di ipò mú ti ń fọ́n owó, tí àwọn agbófinró dúró tì í lẹ́yìn? Títí èèyàn bí irú wọn yóò fi dé iwájú adájọ́, àwọn tó ń sọ pé gbajúmọ̀ orí ayélujára nìkan ni òfin yìí ń mú kò ní dákẹ́, a kò sì lè bá wọn wí.

Ṣé àṣà wa ni lóòótọ́?

Ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó tako òfin yìí ni pé àṣà Yorùbá ni wọ́n fẹ́ pa. Ó yẹ ká tú ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa.

Títa onílù lọ́rẹ, àṣà ni. Kí onílù ki èèyàn, kó pe baba ńlá rẹ̀ lórúkọ, kí ẹni náà sì fi owó lé e níwájú orí, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ Yorùbá. Owó yẹn kì í ṣe fún fàájì nìkan. Ẹ̀rí ni. Ẹni tó náwó fún ọ nígbà òkú ìyá rẹ, o ò ní gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń ṣègbéyàwó ọmọ. Onílù pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ wọn kì í dá iye kan fún olóde. Ohun tí wọ́n bá rí lójú agbo ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ òfin yìí láìrántí onílù, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ṣùgbọ́n náírà fúnra rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ló di owó Nàìjíríà. Kò sí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó fi í lélẹ̀ pé ká máa da ìdì rẹ̀ sílẹ̀ kí bàtà máa tẹ̀ ẹ́. Ọrẹ ni àṣà. Fífọ́n ni àṣerégèé. Òfin lè mú èkejì kó má fọwọ́ kan èkíní.

Ibi tí bàtà ti ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀

Ohun kan tún wà tó kan ará Oke-Ero ju ẹjọ́ Èkó lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké, ọwọ́ oní-POS ni èèyàn ti ń gbowó, a sì ń sanwó ká tó gba owó ara wa. Àwọn èèyàn kò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí ìyá àgbà ní owó ní báńkì ṣùgbọ́n tí kò rí kọ́bọ̀ ra gààrí. Lákòókò yẹn gan-an, owó tuntun ń fò lójú agbo. Ibo ló ti wá?

CBN fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ó kìlọ̀ pé ẹ̀ka báńkì tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń kó owó tuntun fún àwọn tó ń tà á yóò san N150 mílíọ̀nù nígbà àkọ́kọ́. Ohun tó yẹ kó ti ṣáájú nìyẹn. Ìdì igba náírà kan, ẹyọ ọgọ́rùn-ún, N20,000 ni lọ́wọ́ báńkì. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà òde kì í tà á ní iye yẹn. Kì í ṣe òun ló tẹ owó náà, kì í sì í ṣe òun ló ní kọ́kọ́rọ́ báńkì. Tí wọ́n bá mú un, tí wọ́n fi ẹni tó fún un sílẹ̀, ewé ni wọ́n já, gbòǹgbò wà nílẹ̀.

Èyí tó tún burú ni gbèsè. Ojú ló ń ti èèyàn láti jó lọ́wọ́ òfìfo, ló bá lọ yá owó àjọ tàbí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nítorí òde ọjọ́ kan. Kérésì á kọjá, oṣù kìíní á dé, ilé ìwé á wọlé, ọmọ á máa wo ojú bàbá. Owó ilé ìwé náà ni ọmọ ọlọ́mọ ṣà nílẹ̀ lójú agbo.

Ohun tó ṣeé ṣe

Kò dìgbà tí EFCC bá wá láti Ìlọrin. Àwọn òde kan ti ń gbé àpótí tàbí igbá síwájú olóde, kí ẹni tó wá kí i fi tiẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín àti ijó. Àwọn mìíràn ń lo àpòòwé. Onílù tó bá ní fóònù lè gba tiẹ̀ sínú àkáǹtì. Èyí tí kò ní, kí olóde bá a dá iye kan kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé òun ni òfin yìí máa fi ebi pa.

Àwọn ọba àti olórí ẹbí lágbára níbí ju ọlọ́pàá lọ. Tí kábíyèsí bá sọ pé lójú agbo tòun, inú igbá ni owó ń wọ̀, ta ló máa jàn án níyàn? Ṣùgbọ́n àwọn ẹni ńlá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe é. Bí ọlọ́lá bá ń fọ́n tiẹ̀, tí wọ́n wá ní kí mẹ̀kúnnù fi tiẹ̀ sínú igbá, ìlú á tún padà síbi tó wà.

Bí ìjọba bá fẹ́ kí òfin yìí rọlẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti báńkì, kó dé ọ̀dọ̀ olóṣèlú, kó tó kan ẹni tó ń jó. Títí dìgbà yẹn, Sátidé ń bọ̀, wọ́n ti ń so kánópì, onílù sì ti ń fa awọ ìlù rẹ̀ le.