Ẹ̀yin Onílé Ìjagun, Omi Tí Ẹ Ń Fún Ọmọ Ọlọ́mọ Mu Yìí

Ẹ̀yin onílé Ìjagun, ẹ̀yin ni mo ń bá wí, ẹ má wò yíká. Láti ọdún 2005 tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tai Solarin tó wà lọ́dọ̀ yín ti di yunifásítì ni ẹ ti ń kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́ láìsinmi. Oko ẹ̀gẹ́ àná ti di họ́sítẹ́ẹ̀lì, yàrá ogún, yàrá ọgbọ̀n lójúlé kan. N kò bá yín jà nítorí ilé. Kànga ẹ̀yìn ilé ni ìjà mi. Ẹ gbẹ́ sókàwéè sí igun kan, ẹ gbẹ́ kànga sí igun kejì, ẹ gbé táǹkì dúdú sórí òpó, ẹ wá ń polówó fún òbí pé omi wà ní ilé yín tọ̀sán tòru. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbẹ́ ẹ, ta ni nínú yín tó tíì bu omi náà lọ síbi àyẹ̀wò?

Ẹ jẹ́ ká wọn àlàfo tó wà láàárín kànga àti sókàwéè yín. Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí 30 mítà, ó kéré tán, wà láàárín kànga àti sókàwéè tàbí ṣáláńgá. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ẹsẹ̀ bàtà. Odindi pulọ́ọ̀tì lọ́dọ̀ wa, 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 120 ní òró. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, 60 sí 60, ni ọ̀pọ̀ yín rà. Kódà bí ẹ bá na okùn láti igun dé igun tó kọjú síra, kò lè pé 100. Ẹni tó sì ra odindi náà kò tíì bọ́, nítorí sókàwéè aládùúgbò rẹ̀ wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì níbẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì mọ ibi tí fẹ́ǹsì wà. Ilẹ̀ oníyanrìn ló pọ̀ ní agbègbè wa, omi kì í pẹ́ rìn nínú rẹ̀.

Ohun tó tún bí mi nínú jù ni ìwọra. Awakànga á sọ fún yín pé kí òun wà á jìn sí i, kí òun fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù lókè kí ẹ̀gbin má baà ṣàn wọlé. Ẹ ó ní owó ti pọ̀ jù, níwọ̀n ìgbà tí omi ti yọ, kó dúró níbẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ yọ yẹn gan-an ni omi tí sókàwéè ń ṣàn sí! Ẹ fi owó tí ẹ rò pé ẹ rí pamọ́ ra àìsàn fún ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí mo bá onílé kan wí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní omi òun mọ́ gaara, kò rùn, òun fúnra òun ń mu ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rò ní ìlú Walkerton, ní Kánádà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀, ó gbá ìgbẹ́ màlúù láti oko wọnú kànga kan tí kò jìn, tó ń bu omi fún ìlú náà. Àwọn tó ń bójú tó omi ìlú kì í da kilorínì tó sí i, wọ́n sì ń kọ irọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Wọ́n gbà pé omi náà dára, àwọn pẹ̀lú ń mu ún. Ènìyàn méje kú, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì tó ṣàìsàn. Ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó náà lọ sẹ́wọ̀n. Ilẹ̀ òyìnbó nìyẹn, tí ilé ìwòsàn ti pé. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Lọ́dún 2021, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tó lé ní 3,500 ní Nàìjíríà. Àrùn yìí lè gbẹ omi ara ènìyàn tán láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ wo ọmọ tó ń dá gbé yàrá, tí ìyá rẹ̀ wà ní Ṣakí tàbí Ìkòròdú. Ta ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀ lóru?

Òdiwọ̀n omi mímu tí Nàìjíríà gbé jáde lọ́dún 2007 kò fi àyè sílẹ̀: nínú 100 mílílítà omi, E. coli kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ sí. Inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ni kòkòrò yìí ń gbé. Bí a bá bá a nínú omi, ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀, bó ti wù kí omi náà dán tó. Álọ́ọ̀mù tí ẹ ń dà sínú kànga kò pa á. Ìdọ̀tí ló ń mú rọ̀ sísàlẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ìjọba ni kí n lọ bá wí. Mo ń bá wọn wí. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ omi Yemójì ni kí Ìjẹ̀bú-Òde àti àyíká rẹ̀ má baà máa gbẹ́ kànga kiri. Ẹ̀yin aláṣẹ ilé iṣẹ́ omi Ògùn, ọ̀pọ̀ ilé ni kò rí ẹ̀kán omi yín. Bí omi bá sì ń wá lónìí tí kò wá lọ́la, páìpù òfìfo tó ti sán á máa fa ẹ̀gbin ilẹ̀ mọ́ra. Ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a ṣáà ń ríran.

Yàrà Erédò Súngbọ́ tó yí ilẹ̀ wa ká gùn tó 160 kìlómítà, ó sì jìn tó 20 mítà níbòmíràn. Ọwọ́ ni àwọn baba wa fi gbẹ́ ẹ, wọ́n para pọ̀ gbẹ́ ẹ ni. Ẹ̀yin tí ilé yín kò ju mẹ́wàá lọ ládùúgbò kan, ẹ kò lè para pọ̀ wa kànga jíjìn kan ṣoṣo síbi tó jìnnà sí gbogbo sókàwéè, kí ẹ fi páìpù pín in? Bó bá di ti aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ fún ọdún Ojúde Ọba, ẹ mọ owó dá. Ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì yunifásítì kò jìnnà sí yín; ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bu omi fún àyẹ̀wò àti ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Lẹ́yìn òjò ni kí ẹ bù ú, nígbà tí ẹ̀gbin ń wọlé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ẹ máa ń yẹ táìlì yàrá wò kí ẹ tó sanwó, ẹ kì í béèrè omi. Láti sáà tó ń bọ̀, ẹ ní kí onílé mú ìwé àyẹ̀wò omi wá kí ẹ tó na owó. Títí dìgbà náà, ẹ se omi tí ẹ ó mu, kó hó dáadáa. Ẹ̀yin onílé tí ẹ kò bá sì ní ìwé láti fi hàn, ẹ mú ọ̀dà, ẹ gun òkè, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára táǹkì yín pé omi yìí kò ṣeé mu.