Òfin Rédíò àti Ìlú Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n ní Ìsánlú àti ní gbogbo ilẹ̀ Yàgbà, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ó ní owó ẹ̀rọ ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, bí kò ṣe ẹni tí òfin bá fi àyè gbà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọ wa, ó sì kan èdè tí àwọn ọmọ wa yóò máa gbọ́.

Ní ọdún 1953, Gómìnà Macpherson bá Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wí lórí rédíò ìjọba. Nígbà tí wọ́n sì béèrè àyè láti fèsì níbẹ̀, a kò fún wọn. Òfin ìlẹ̀ ti 1954 wá jẹ́ kí àwọn ẹkùn lè ní ilé iṣẹ́ tiwọn. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1957, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 31 oṣù October 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àwa ará Kàbà kò sí lábẹ́ Ìbàdàn. Abẹ́ Kàdúná ni wọ́n fi wá sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Ìbàdàn ni ó yé wa. Afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà, ṣùgbọ́n òfin mọ̀ ọ́n dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni Ìjọba Àpapọ̀ ti ológun fi òfin 1977 kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n sí abẹ́ NTA, ti Ìbàdàn pẹ̀lú.

Irú èyí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Erékùṣù Man, tí ó wà nínú òkun láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀, tí à ń pè ní Tynwald. Ọkọ̀ ojú omi kan, Radio Caroline, dúró ní etíkun rẹ̀ láti 1964, ó ń kọrin sí afẹ́fẹ́ láìgba àṣẹ. Ní 1967, London ṣe òfin láti dí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn aṣòfin erékùṣù náà kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n London fi àṣẹ Ọbabìnrin mú un dé orí wọn. Àwa kò sọ pé òfin náà burú. Bí gbogbo ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò gbọ́? Ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni pé a bi wọ́n léèrè, wọ́n ní rárá, a sì ṣe bí ẹni pé a kò bi wọ́n.

Ní ti Nàìjíríà, ìwé òfin ìlẹ̀ ti 1979, àti ti 1999 lẹ́yìn rẹ̀, dá ẹ̀tọ́ padà fún ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ Ààrẹ, nípasẹ̀ àjọ tí a ń pè ní NBC, tí òfin 1992 dá sílẹ̀. Òfin náà sì sọ gbangba pé a kò gbọdọ̀ fún ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú ní ìwé àṣẹ.

Èyí lè ba àwọn kan nínú wa nínú jẹ́. Àwọn àgbà rántí ELWA, tí SIM, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan náà tí ó mú ìyìn rere wá sí ilẹ̀ Yàgbà, dá sílẹ̀ ní Monrovia ní 1954. Ṣùgbọ́n ní tiwa, àwa gbà pé òfin yìí tọ́. Bí ìjọ kan bá gbà á, gbogbo ìjọ ni yóò béèrè, mọ́sálásí pẹ̀lú, ẹni tí ó sì lówó jù ni ohùn rẹ̀ yóò bo ti àwọn ìyókù. Òfin náà kò ní kí a má wàásù. Ó ní kí ìjọ má ni ilé iṣẹ́ náà ni.

Síbẹ̀, ohun tí ó ti ìjọ sóde kò ti ìlú sóde. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, tí kò wá èrè, lè tọrọ ìwé àṣẹ rédíò àdúgbò lọ́wọ́ NBC. Kí àwọn tí yóò lọ tọrọ rẹ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣírò ẹni tí yóò máa san owó epo ẹ̀rọ iná, àti ẹni tí yóò máa ka ìròyìn láràárọ̀ ní èdè Yàgbà tí ìyá àgbà ilé wọn yóò gbọ́.