Ta Ni Yóò Ka Orúkọ Wọn?

Kétu kì í ṣe ìlú onígbàgbé. Nígbà tí a bá ń fi Alákétu tuntun jẹ, Baba Ẹlẹ́gùn a máa ka ìtàn ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀, ọba kan tẹ̀lé ọba kan, kò sì gbọdọ̀ ṣìnà. Ìlú tí ó ní irú oyè bẹ́ẹ̀ kò ní àwáwí kankan bí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tí ogun gbé lọ bá parun. Síbẹ̀, wọ́n ń parun lọ.

Àwọn kan a máa sọ pé àwọn tí ó bá Faransé jagun ní 1914 sí 1918, àti ní 1939 sí 1945, kò kú fún Kétu. Wọ́n ní kí Faransé tí ó kó wọn lọ máa ṣe ìrántí wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1883 ni ogun Dàhòmì pa Alákétu Òjékú. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Glélé pa ìlú run, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn tí Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá 1892 ni àwọn tí ó kù ráyè padà wá tún ìlú tẹ̀dó. Ọ̀pọ̀ kò padà mọ́. Ta ni ó jẹ́ dìde ní Kétu láti sọ pé àwọn tí ó kú sí oko ẹrú ní Àgbómẹ̀ kì í ṣe òkú Kétu, nítorí pé wọn kò ṣubú lẹ́nu Àkàbà Ìdẹ̀nà?

Bí a ṣe fi agbára mú àwọn wọ̀nyẹn ni a fi agbára mú àwọn ti ẹ̀yìn. Bóyá àwọn kan fi ìfẹ́ inú ara wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí ogun Faransé bá jẹ́ ohun tí ìlú ń fẹ́, kí ni ó lé àwọn ènìyàn Kétu kọjá ààlà lọ sí ìhà Ìmẹ̀kọ nígbà tí wọ́n ń ṣa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin? (Àwọn tí ó sá náà kì í ṣe ojo. Ẹni tí ó fi ilé àti oko sílẹ̀ kí a má baà fi ọmọ rẹ̀ jagun ẹlòmíràn, ìpinnu akọni ni ó ṣe.)

Àwọn mìíràn ń dúró de Paris. Kí wọ́n wo Thiaroye, lẹ́bàá Dakar. Ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kejìlá 1944, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Jámánì béèrè owó iṣẹ́ wọn. Ìbọn ni Faransé fi dá wọn lóhùn. Àwọn ọmọ Dàhòmì wà láàárín wọn. Ẹni márùndínlógójì ni ìjọba náà kọ́kọ́ ní ó kú, kí ó tó gbà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ó lè tó àádọ́rin. Nígbà tí ó di 2024 ni ó tó sọ pé ẹni mẹ́fà nínú wọn kú fún Faransé: mẹ́rin láti Sẹ̀nẹ̀gà, ọ̀kan láti Ivory Coast, ọ̀kan láti Burkina Faso. Ọmọ Dàhòmì kankan kò sí níbẹ̀. Ìjọba yìí kan náà ni ó ṣòfin ní 1959 tí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ajagun-fẹ̀yìntì ilẹ̀ tí ó ń gba òmìnira fi dúró sójú kan, tí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Faransé sì ń gòkè. Ṣé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni Kétu yóò fi ìwé òkú rẹ̀ lé?

Iṣẹ́ ilé ni iṣẹ́ yìí. Àmì-ẹ̀yẹ wà nínú àpótí, ìwé ìfẹ̀yìntì wà lábẹ́ ẹní, ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ àti ní Èkó. Kí ẹgbẹ́ gba ilé dé ilé, kí baálé kọ̀ọ̀kan sọ orúkọ ẹni tí ó lọ, ẹni tí ó bọ̀ àti ẹni tí kò bọ̀. Kí a gbé ìwé náà wá sí ààfin, kí a sì kà á sókè níwájú Alákétu lọ́dọọdún. Ọmọ tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́wàá nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń padà bọ̀ ní 1945 ti di ẹni àádọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.