Ẹ Kọ Orúkọ Ọ̀gá Mọ́ Ọn: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé Ìdáná Ọ́fíìsì

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn wọ ilé ìdáná ọ́fíìsì kan n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó kó má rí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lókè síǹkì: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọ abọ́ yín bí ẹ bá jẹun tán." Bébà ọ̀hún á ti pọ́n, omi á ti ta sí i lára. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni abọ́ tí ọbẹ̀ gbẹ mọ́ máa ń wà, pẹ̀lú ife tí mílíìkì ti dì sí nídìí, àti ṣíbí tí kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ni ín. Bí iná bá lọ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí kò sì dé títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òórùn fìríìjì á ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan kí òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ohun tí ìwé pẹlẹbẹ yìí ń bèèrè kò pọ̀. Kí ọ́fíìsì tó bá ní ilé ìdáná àjùmọ̀lò pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ọ̀wọ́ kéékèèké, kí ọ̀wọ́ kan máa mójú tó o fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo wọn sórí rọ́sítà, kí orúkọ ọ̀gá àgbà sì wà níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa bá jà. Òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ní 2005, BMJ, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí kan jáde tí àwọn òṣìṣẹ́ Burnet Institute ní Melbourne, ní Ọsirélíà, ṣe nínú ọ́fíìsì ara wọn. Ṣíbí tíì ló ń pòórá níbẹ̀. Wọ́n ra 70 ṣíbí, wọ́n rọra fi nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n pín wọn sí yàrá tíì 8, wọ́n sì ń kà wọ́n. Nígbà tí oṣù 5 fi pé, 56 ti lọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nípa ìlera ará ìlú nìyẹn o. Kì í ṣe àìmọ̀wé ló kó ṣíbí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìyàtọ̀ láàárín ṣíbí olówó pọ́ọ́kú àti èyí tó wọ́n jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìwádìí náà tí ó yẹ kí olórí ọ́fíìsì kà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àwọn yàrá tíì yẹn, àwọn kan jẹ́ ti gbogbo ilé, àwọn kan sì jẹ́ ti ẹ̀ka iṣẹ́ kan ṣoṣo. Níbi tó jẹ́ ti gbogbo ilé, ìdajì ṣíbí ti pòórá láàárín ọjọ́ 42. Níbi tó jẹ́ ti ẹ̀ka kan, ó tó ọjọ́ 77 kí ìdajì wọn tó lọ. Ilé kan náà ni, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà ló sì ń lò wọ́n. Ohun tó bá jẹ́ ti èèyàn mẹ́fà, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á mọ̀ bó bá dín. Ohun tó bá jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún èèyàn, kálukú á rò pé ẹlòmíràn ti rí i.

Àwọn tó ti gbé ilé fẹ́ẹ̀sì-mi-n-fẹ́ẹ̀sì-ẹ rí, ní Mushin, ní Ajégúnlẹ̀ tàbí ní Bẹẹrẹ, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka ṣíbí kí wọ́n tó mọ èyí. Ìdílé mẹ́jọ, mẹ́wàá, ilé ìdáná kan, ilé ìwẹ̀ kan. Yàrá àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀: á gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá, á fọ ilé ìwẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà á gbé ìgbálẹ̀ lọ síwájú yàrá kejì. Ẹnu ọ̀nà tí ìgbálẹ̀ bá wà, gbogbo ilé ti mọ ẹni tó kàn. Ẹni tó bá kọ̀ á san owó ìtanràn, bí kò bá san án, wọ́n á pe ìpàdé lé e lórí. Ìjà máa ń wà, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ìjà náà kì í dá lórí ẹni tó kàn, nítorí pé ẹni tó kàn ti hàn.

Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé, ní 2009, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo irú ètò báyìí kiri ayé. Ṣáájú rẹ̀, ní 1968, Garrett Hardin ti kọ ọ́ pé ohun àjùmọ̀ní á bàjẹ́ dandan bí olúkúlùkù bá ń lò ó bó ṣe wù ú. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1990, Ostrom kò bá a jiyàn lásán, àwọn apẹja Alanya ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì ló fi dá a lóhùn. Ìjà ojúkò ìpẹja ti fẹ́ẹ̀ tú wọn ká tẹ́lẹ̀. Ni wọ́n bá fẹnu kò pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún, wọ́n á kọ orúkọ gbogbo apẹja tó ní ìwé àṣẹ, wọ́n á ṣẹ́ kèké lórí ojúkò tí kálukú máa fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà títí di oṣù Kìíní, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sún sí ojúkò tó kàn níhà ìlà-oòrùn. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa sún padà níhà ìwọ̀-oòrùn. Ibi tí ẹja pọ̀ sí á kan gbogbo wọn, ibi tí ẹja kò sí náà á kan gbogbo wọn. Ẹni tí ibi tó dára bá kàn lónìí ni ọlọ́pàá ibẹ̀, torí kò ní gbà kí ẹlòmíràn débẹ̀ ṣáájú òun.

Àwọn apẹja náà ló ṣòfin ara wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti ń ṣìnà, nítorí pé òkè ni òfin wọn ti ń wá, láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ìhàlẹ̀. Nàìjíríà ti tọ ọ̀nà yẹn wò. Ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn gbé ogun ti ìwà àìníjàánu ní 1984, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAI, ìmọ́tótó oṣooṣù sì wà lára rẹ̀. Ìlú mọ́ nígbà tí sójà wà lójú títì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ sọ pé sísé ará ìlú mọ́lé nítorí ìmọ́tótó kò bá òfin mu, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì fagi lé ètò ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù ní 2016. Ìgbálẹ̀ tí ẹ̀rù bá gbé fún ènìyàn, bí ẹ̀rù bá ti lọ ló ń bọ́ sílẹ̀.

Níbi tí kò sí rọ́sítà, abọ́ kì í wà nínú síǹkì títí láé. Ẹnìkan ń fọ̀ ọ́. Ta ni?

Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì mọ ìdáhùn rẹ̀: obìnrin tó kéré jù nínú ẹ̀ka náà, tàbí àgùnbánirọ̀, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ (IT). Bí ìpàdé bá parí, tí ife àti ìgò wà káàkiri orí tábìlì, àwọn ọkùnrin á dìde, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ síta. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún obìnrin náà. Ó kàn rí i pé bí òun kò bá ṣe é, kò sẹ́ni tó máa ṣe é. Linda Babcock, Lise Vesterlund àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn l'Amẹ́ríkà dán irú nǹkan yìí wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n kó èèyàn mẹ́ta mẹ́ta pọ̀, wọ́n ní kí ẹnìkan gba iṣẹ́ kan tó máa ṣe gbogbo wọn láǹfààní, ṣùgbọ́n tí ẹni tó bá gbà á máa jèrè kéré sí àwọn yòókù. Níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti jọ wà, àwọn obìnrin fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn ọkùnrin lọ ní yíyọ̀ǹda ara wọn. Nígbà tí wọ́n kó ọkùnrin nìkan jọ, ara kò wọ́ wọn rárá, wọ́n ń yọ̀ǹda ara wọn bí àwọn obìnrin ti ń ṣe láàárín ara wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe; obìnrin ni wọ́n ń dúró dè. Nígbà tí wọ́n sì fi olórí kan síbẹ̀ kó bẹ ẹni tó máa ṣe é, obìnrin ni olórí náà ń bẹ̀ jù, yálà ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Wákàtí tí obìnrin yìí fi ń ṣa ife, ẹlòmíràn ń fi í kọ ìwé tí wọ́n máa tìtorí rẹ̀ gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Ìrẹ́jẹ ni, ó sì yẹ kí á máa pè é bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó le jù ni ti ọjọ́ orí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọdé ló ń gba abọ́ lọ́wọ́ àgbà, ó sì ń fi orúnkún ilẹ̀ gbà á. Báwo ni wọ́n ṣe máa ní kí baba tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà, dúró nídìí síǹkì? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó bá fojú kéré rẹ̀ kò mọ ọ́fíìsì Yorùbá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ wà tó yẹ àgbà lórí rọ́sítà: kó ṣí fìríìjì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kó sọ èyí tí wọ́n máa dànù, kó ka ohun èlò, kó rí i pé ọṣẹ kò tán. Kó fọ ife tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kó rán akọ̀wé rẹ̀ lọ ṣe ìpín rẹ̀. Bí èésú ni: olórí èésú tó ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́, òun náà ń dá, bí kò bá sì dá, kò sẹ́ni tó máa tún mú owó wá.

Kì í sì í ṣe pé àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Láti 1973 tí ìjọba Gowon ti dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, àwọn tó jáde ní yunifásítì ti ń kọjá ní ibùdó bí Ìsẹ́yìn àti Ìyànà-Ìpájà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n á pín wọn sí pulatúùnù, ọjọ́ á sì kan pulatúùnù kọ̀ọ̀kan nínú ilé ìdáná. Ọmọ olówó á bẹ iṣu, ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí òfin á bu oúnjẹ fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ọkùnrin àti obìnrin, láìsí pé ẹnikẹ́ni ka iyì ẹnikẹ́ni kù. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá òde òní gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn mìíràn á ní, "Ṣebí a ń sanwó fún agbálẹ̀." Òótọ́ ni. Owó oṣù tí òfin sọ pé kò gbọ́dọ̀ dín sí láti 2024 jẹ́ 70,000 náírà, owó tí ọ̀pọ̀ agbálẹ̀ tó wà lábẹ́ kọ́ńtíráátọ̀ ń gbà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ilẹ̀, àtẹ̀gùn, fèrèsé àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n gba agbálẹ̀ fún. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé á máa ha ọbẹ̀ gbígbẹ kúrò nínú abọ́ èèyàn ogún. Bí wọ́n bá sì tì í síbẹ̀, tí aṣọ ìnulẹ̀ kan náà ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé orí tábìlì oúnjẹ, ta ni wọ́n fẹ́ bá wí?

Ọ̀rọ̀ àìsàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2012, Charles Gerba ti Yunifásítì Arizona bá ilé iṣẹ́ Kimberly-Clark yẹ àwọn ọ́fíìsì kan wò l'Amẹ́ríkà: nínú 100 ọwọ́ ẹ̀rọ omi síǹkì, 75 ló dọ̀tí kọjá ààlà, nínú 100 ọwọ́ maikirowéèfù, 48, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà kò ju 27 lọ. Kimberly-Clark ń ta bébà ìnuwọ́, ó sì yẹ kí á rántí ìyẹn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti di ọwọ́ ẹ̀rọ omi ọ́fíìsì mú rí á gbà á gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ewu tó ju ìyẹn lọ wà. Eku ló ń gbé ibà Lassa kiri, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní Borno, ní 1969. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ tàbí abọ́ lè kó o ran ènìyàn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ń jà jù, Ọ̀wọ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Oúnjẹ àṣẹ́kù tó sùn nínú síǹkì ọ́fíìsì, ó ń pe eku ni.

Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà bẹ̀rẹ̀ kò le. Kí àwọn tó ń lo ilé ìdáná náà jókòó, kí ọ̀gá wà níbẹ̀, kí wọ́n ṣòfin tó kéré. Kí ọ̀wọ́ kan má ju èèyàn mẹ́fà lọ, kí ọkùnrin àti obìnrin, ọmọdé àti àgbà, dà pọ̀ nínú rẹ̀. Abọ́ tí ènìyàn bá fi jẹun, òun ló máa fọ̀ ọ́; iṣẹ́ ọ̀wọ́ ni síǹkì, tábìlì, maikirowéèfù àti fìríìjì. Oúnjẹ inú fìríìjì kò ṣeé fọkàn tán mọ́ bí iná bá ti lọ ju wákàtí 4 lọ, nítorí náà kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò ní ọjọ́ Ẹtì, ti ẹni yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá kọ ìpín rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ọ̀wọ́ rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kó ra ọṣẹ oṣù kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, kó ṣe ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó bá rìnrìn àjò tàbí tó ń ṣàìsàn lè bá ẹlòmíràn pààrọ̀.

Ilé iṣẹ́ náà ní ẹrù tirẹ̀ láti gbé. Owó ọṣẹ, owó kàn-ìn-kàn-ìn tí wọ́n máa pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti omi tó ń ṣàn, àpò ilé iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ti wá. Níbi tí táǹkì ti gbẹ láti àárọ̀, kò sí ọ̀wọ́ tí wọ́n lè bá wí. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, kí gbogbo wọn tún jókòó, kí wọ́n wo rọ́sítà náà, kí wọ́n yí ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ padà: iye èèyàn tó wà nínú ọ̀wọ́, ọjọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀, tàbí iye ọṣẹ. Orúkọ ọ̀gá nìkan ni wọn kò gbọ́dọ̀ yọ kúrò.