Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Iná Mọ́

Màmá kan tó ń ta ẹlùbọ́ kọ̀wé sí wa pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àtẹ́lẹsẹ̀ òun á máa jó bí ẹni fi ata pa á, bẹ́ẹ̀ tí òun bá fọwọ́ kàn án, tútù ló tutù. Wọ́n ní àfi bí ayé.

Màmá, ẹ fi ayé sílẹ̀ ná. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá sí ọ̀pá ẹ̀yìn ló gùn jù nínú ara. Bá a ṣe ń dàgbà, ohun tó bò ó, bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná, á máa fẹ́lẹ́, iṣẹ́ tó ń jẹ́ á sì máa falẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mú, kó tó kan ọwọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má kó jíjó òru lé ọjọ́ orí nìkan o! Ẹ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ọtí àmujù náà ń ba iṣan jẹ́. Ní 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ̀wé nípa àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí ojú àti etí wọn ń lọ. Oró inú gbágùúdá tí wọ́n ń jẹ ṣáá ló fura sí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí jíjó dákẹ́, kí ẹsẹ̀ kú. Ìṣó á wọlé, olúwa rẹ̀ ò ní mọ̀, ó di egbò. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi gbígbóná wò kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ máa gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Lálaalẹ́, kí ọmọ bá yín yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò.