Ta Ló Ń Gun Àtẹ̀gùn? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìgbéga Nínú Líìgì Bọ́ọ̀lù Àwọn Obìnrin

Nídìí ọpọ́n ayò, ẹni tí wọ́n bá pa ni yóò dìde kí ẹlòmíràn tó jókòó. Bàbá ẹni tó wà ní ìdúró lè kọ́ ilé mẹ́wàá, ìyẹn kò kan ọpọ́n. Nínú ìjàkadì pẹ̀lú, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni wọ́n dá. Kò sí alága ìgbìmọ̀ kan tí yóò jókòó sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ kejì kí ó sọ pé ẹ̀yìn ọ̀hún kò kan ilẹ̀ tó. Àwọn baba wa tí a ń pè ní aláìmọ̀wé mọ èyí. Àwọn tó ń darí líìgì bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin, nílé wa níhìn-ín àti lókè òkun, ni wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ife ẹ̀yẹ bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2025, ní ìlú Rabat, Morocco ti gbá góòlù méjì sílé àwọn Super Falcons kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn dún, góòlù mẹ́ta sí méjì ni, ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà sì di ti Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kẹwàá. Ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí dọ́là 100,000 fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilé. Ó tọ́ sí wọn, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ìbéèrè tèmi ni pé níbo ni wọ́n ti rí wọn? Rasheedat Ajibade, balógun ikọ̀ náà, tí wọ́n tún fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú ìdíje ọ̀hún, FC Robo l'Ékòó ló ti gbéra. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú kí ó tó lọ sí Rivers Angels, kí Liverpool tó wá mú un lọ ní 2015. FC Robo kì í ṣe ẹgbẹ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ aládàáni tí kò ní àpò ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ohun mìíràn tí ó lè gbẹ́kẹ̀ lé ju pé bí ó bá borí, wọn yóò gbé e ga, àti pé bí kò bá fìdí rẹmi, ẹnikẹ́ni kò ní tì í ṣubú.

Láti 1990 ni a ti ní líìgì yìí. Jegede Babes, tí Ọmọọba Bọ́lá Jẹ́gẹ́dẹ́ dá sílẹ̀, ló gba ife ti ọdún yẹn. Ẹ wá ẹgbẹ́ náà lórí tábìlì líìgì lónìí, ẹ kò ní rí i.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Ní àwọn sáà àìpẹ́ yìí, ìsọ̀rí méjì ni wọ́n ń pín àwọn ẹgbẹ́ inú ìpele àgbà sí. Bí ìsọ̀rí kan bá ní ẹgbẹ́ méje, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbá kí a tó mọ ẹni tí yóò já sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin inú NPFL, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ 20, ń gbá 38. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, àṣìṣe rẹfirí kan lè rí àtúnṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nínú 12, àṣìṣe kan náà lè ran ẹgbẹ́ kan lọ sí ìsàlẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí èmi olùkọ́ bá fi ìdánwò kan ṣoṣo pinnu akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò tún kíláàsì ká, kí ilẹ̀ tó ṣú ni àwọn òbí yóò ti kún iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Ta ni òbí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí?

Lẹ́yìn ìyẹn ni Super Six. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tó ṣíwájú nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan yóò pàdé ní ìlú kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní 2025, ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa ló gbà wọ́n lálejò, ní pápá Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́, Bayelsa Queens ló sì gba ife náà lọ sílé. Inú mi dùn pé ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, líìgì tí kò lè san owó ọkọ̀ àwọn ọmọbìnrin láti ìlú dé ìlú ló ń kó gbogbo wọn jọ sójú kan. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni mo fi ẹ̀sùn kàn. Ètò náà ni mo ń bá wí.

Ohun tó burú jù ni ipò títà. Gbogbo ẹni tó ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà mọ̀ pé a ti rí i kí ẹgbẹ́ kan ta àyè rẹ̀ nínú líìgì fún ẹlòmíràn, kí orúkọ yí padà, kí ìlú yí padà. Olówó sọ̀ kalẹ̀ sí ìpele tí kò gbá bọ́ọ̀lù dé. CAF tún ti fi í ṣe òfin pé ẹgbẹ́ ọkùnrin tó bá fẹ́ kópa nínú ìdíje rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ obìnrin. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀nà àbùjá fún ẹni tí kò fẹ́ tọ́ ẹgbẹ́ láti kékeré, nígbà tó jẹ́ pé ó lè ra èyí tó ti dàgbà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìwà Nàìjíríà nìkan nìyí, kí ó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1969, àwọn obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ ní pápá Belle Vue ní ìlú Doncaster dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, nígbà tí òfin tí FA ṣe ní 1921 ṣì ń lé àwọn obìnrin kúrò lórí pápá. Doncaster Belles gba ife FA lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n gba líìgì lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo nínú sáà tuntun, FA sọ fún wọn pé ìpele kejì ni wọn yóò wà ní 2014, ibi yòówù tí wọn ì báà parí sí. Manchester City ló gba àyè wọn. Kì í ṣe City ló gba ife ìpele kejì o. Sunderland ni, ó sì ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Ìpele kejì náà ni wọ́n tún fi Sunderland sí. Àwọn Belles pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dá a nù. Ẹ rò ó wò: odindi sáà ni àwọn ọmọbìnrin yẹn fi sáré lórí pápá, tí wọ́n ti mọ̀ pé ìdájọ́ ti jáde.

Àwọn kan yóò sọ pé owó ni eré òde òní, pé ẹgbẹ́ tí kò lè san owó oṣù kò yẹ ní ìpele àgbà. Mo gbà pé ìwé àṣẹ dára. Ọmọbìnrin tí kò gba owó oṣù kò rí ìdájọ́ òdodo rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí owó tí wọ́n ń gbójú lé ṣe. Lincoln wà lára àwọn tí FA fún ní àyè ní 2011. Wọ́n gbé e lọ sí Nottingham, ó di Notts County, ó sì túká ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ọjọ́ díẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Olówó tó fi ìwé àṣẹ wọlé lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Ẹni tó wọlé nítorí pé ó borí, ìlú ló ń gbé e ró.

Níhìn-ín l'Ókè-Aró, àwọn ọmọbìnrin ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá tí kò ní koríko, bọ́ọ̀lù kan fún ogún ènìyàn. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, ọmọ tó bá wọ̀ ọ́ ní Agbádó lè sọ̀ ní Agége kí ó lọ wo bọ́ọ̀lù. Àwọn kan ń lọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ SS2, bi mí pé bí àwọn bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò tí wọ́n sì ń borí, ọdún mélòó ni yóò gbà wọ́n kí wọ́n tó dé líìgì àgbà. Ìbéèrè ìṣirò ni, ìdáhùn rẹ̀ yẹ kó wà nínú ìwé kan.

Kí NFF àti NWFL kọ ìwé náà. Kí ó jáde kí fèrè àkọ́kọ́ sáà tó dún: iye ẹgbẹ́ tí yóò gòkè, iye tí yóò já, ohun tí ìwé àṣẹ ń béèrè, àti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè yí i padà mọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè nínú líìgì kì í ṣe ọjà. Kí wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ilé ìwé girama tó bá ní ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin. Àwa olùkọ́ yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.